Ẹ̀rọ Etí Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Etí mi kò ṣe nǹkan kan. Bí ewúrẹ́ bá ń jẹ èèpo iṣu ní ẹ̀yìnkùlé, mo lè gbọ́ ọ láti inú yàrá. Síbẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kan wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn mi, tí mo fi àkísà we bí ẹni we ẹyin. Àmì búlúù kékeré kan wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò sọ fún yín pé pupa ni ti etí ọ̀tún, búlúù sì ni ti òsì. Èmi náà mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú nìyẹn.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: owú ni. Mo ti ń jowú èkejì mi láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé oorun kì í kùn mí tí n kò bá gbọ́ mímí rẹ̀. Àwọn tí wọn kì í ṣe ìbejì rò pé ọ̀kan nínú nǹkan méjèèjì gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde. Irọ́ ni. Inú yàrá kan náà ni owú àti ìfẹ́ ń sùn, lórí ẹní kan náà, wọ́n sì jọ ń fa aṣọ ìbora mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni.

Igbó-Ọrà ni wọ́n bí wa sí, níbi tí ìbejì kò ti ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òun ló kọ́kọ́ jáde, èmi tẹ̀lé e, nítorí náà èmi ni ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Òfin kan wà ní ìlú wa tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ohun tí o bá fún ọ̀kan nínú ìbejì, o ní láti fún èkejì. Obìnrin tó ń dín puff-puff ní ìdí ilé-ìwé wa, bí ọ̀kan nínú wa bá dá wá ra nǹkan, yóò bi í pé, "Èkejì rẹ ńkọ́?" kí ó tó dì í. Ìyá wa, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Ìyá Ìbejì, tó ń ta ẹ̀gúsí bíbó káàkiri ọjà Ìbàràpá, di òfin yìí mú ju bí lèmọ́mù àdúgbò wa ṣe di àkókò ìrun mú lọ. Bàtà méjì, síbí méjì, ribọ́ọ̀nù méjì. Ẹgba náà ni a jọ ń pín. Bí ọ̀kan bá ṣẹ̀, Màámi á na àwa méjèèjì, á ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ṣe ojúsàájú.

Nígbà tí a pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ibà kan náà ló gbé wa dè, ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Nígbà tí ó lọ, èmi dìde, etí mi pé. Òun dìde, etí rẹ̀ ti wúwo. Bí ààrá bá sán, yóò gbọ́. Bí wọ́n bá ń gún iyán nítòsí, yóò gbọ́. Bí o bá sún mọ́ ọn tí o sì pariwo, ó lè mú ọ̀rọ̀ kan nínú márùn-ún. Nǹkan àkọ́kọ́ nìyẹn tó kan ọ̀kan nínú wa tí kò kan èkejì, Màámi kò sì rí ọ̀nà tí yóò gbà pín in dọ́gba.

Ọwọ́ ló fi ń san án fún èkejì mi. Bí ó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, yóò fi ọwọ́ sí i lágbọ̀n, yóò yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, yóò wò ó tààrà kí ó tó la ẹnu. Èmi ńkọ́? Láti ibi ìdáná ni yóò ti ké sí mi: "Ìwọ yìí, omi dà?" Kò sí ìdí tí yóò fi wò mí. Etí mi pé. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo ọwọ́ yẹn lágbọ̀n ẹlòmíràn, ọwọ́ tó ń rùn fún ẹ̀gúsí.

Nígbà tí a tó bí ọmọ ọdún méje, mo pinnu pé èmi náà yóò dití. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Màámi pè mí, n kò dáhùn. Ó tún pè mí, mo ń wo ògiri. Ó wá síbi tí mo wà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo há eyín mọ́ra, n kò mira. Mo ń retí ọwọ́ rẹ̀ lágbọ̀n mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, atẹ ẹ̀gúsí tó gbé dání ló jábọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, ó bú sẹ́kún, ó ní, "Yéè, èyí náà tún ti lọ!" Ẹkún yẹn bà mí lẹ́rù. Mo ní, "Màámi, mo ń gbọ́."  Ó fi ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn náà ló nà wá.

Àwa méjèèjì ni mo wí o. Èkejì mi tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tó jókòó jẹ́jẹ́ tó ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀, gba tirẹ̀ pé. Nínú ẹkún, ó fi ọwọ́ bi mí pé kí ni a ṣe. Mo ní n kò mọ̀.

Nǹkan kan wà tí mo ní tí Màámi pàápàá kò ní: èmi ni ẹnu rẹ̀. A ti ṣe èdè ọwọ́ tiwa, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa. Bí mo bá fa etí mi, ìyá wa ni, nítorí yẹtí tó máa ń wọ̀. Bí mo bá fi ìka méjì gbá ọrùn ọwọ́, ọ̀kadà ń bọ̀ ni. Lójú títì, apá òsì rẹ̀ ni mo máa ń rìn, nítorí apá ibẹ̀ ni mọ́tò máa ń gbà wá bí a bá ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ní kíláàsì, èmi ni mò ń sọ ohun tí olùkọ́ sọ fún un. Àwọn kan ń pè é ní odi. Mo ti fi òkúta fọ́ orí ọmọ kan nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì na àwa méjèèjì nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá èkejì mi sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni yóò gbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wá nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó, pẹ̀lú àwọn ìyálọ́jà, ṣe ìkówójọ kan láti ran àwọn adití àti àwọn tí etí wọn wúwo ní ilẹ̀ Ìbàràpá lọ́wọ́. Orí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga, wọ́n sì gbé sípíkà méjì wá tó ga ju ènìyàn lọ. Ẹ bá mi rò ó: ìpàdé àwọn adití, sípíkà tó lè sọ ẹni tí etí rẹ̀ pé di adití kó tó délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, mo rí i tí àwọn adití tó wá lọ tẹ́ ọwọ́ lé àpótí sípíkà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń jó, ẹsẹ̀ wọn sì bá orin mu ju ti olóòtú ètò lọ.

Wọ́n ti Tápà wá, wọ́n ti Èrúwà wá, ẹni mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan. N kò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èkejì mi náà kò mọ̀. Obìnrin aránṣọ kan wà láàárín wọn láti Èrúwà, adití ni, ó wọ bùbá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń da ẹ̀wà sínú àwo, wéréwéré, àwọn yòókù sì ń dá a lóhùn. Èkejì mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò wo ojú mi, kò fi ọwọ́ sọ pé òun ń bọ̀. Ó lọ dúró níwájú obìnrin náà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, obìnrin náà sì mú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n fún un. Kò tíì pé wákàtí kan, wọ́n ti jọ ń rẹ́rìn-ín ohun tí n kò mọ̀.

 Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mo gbọ́ gbogbo nǹkan ní orí pápá náà, èmi nìkan ni n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni olóòtú ètò ní kí wọ́n mú ọmọ kan wá síwájú kí àwọn ènìyàn rí i, kí àánú lè ṣe wọ́n. Aṣọ kan náà ni Màámi dá fún wa, irun kan náà ló dì fún wa. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, ọwọ́ mi ló sì fà. Ó gbé mi sórí àga, ó ní, "Ẹ wo ọmọ tó rẹwà yìí! Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mò ń sọ!" Gbogbo pápá kígbe, wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyá arúgbó kan ń nu ojú. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. N kò sọ ọ́. Gbogbo ojú wọ̀nyí wà lára mi, ó sì dùn mọ́ mi. Ohùn Màámi ló já a: "Kì í ṣe ìyẹn! Èkejì ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, wọ́n gbé òun gorí àga. Kì í ṣe ìyẹn. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ọkùnrin olówó kan láti Èkó, tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú wáyà létí kan, dìde, ó ní òun yóò ra ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ fún ọmọ náà. Àwọn tó ń yẹ etí wò láti Ìbàdàn wọn etí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn pé ẹ̀rọ ti dé.

Ọjọ́ ọjà Tápà ni ọjọ́ tí wọ́n pè wá. Màámi kò lè fi ọjà sílẹ̀, ó ní kí èmi mú èkejì mi lọ, ṣebí èmi ni mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì kan ṣí àpótí kékeré kan. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó fi pupa sí ọ̀tún, ó fi búlúù sí òsì, ó sì ń ṣàlàyé fún mi: "Méjèèjì ni yóò máa lò papọ̀. Bí ó bá lo ọ̀kan, yóò gbọ́ ìró, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́ o, mà.

Nígbà tí ó tàn wọ́n, èkejì mi fò sókè. Fáànù orí àjà ló bà á lẹ́rù. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo fèrèsé, ó wo nọ́ọ̀sì tó ń yí ìwé. Mo tẹ̀ síwájú, mo pariwo sí i bí mo ti máa ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, pé, "Ṣé o ń gbọ́ mi?" Ó fà sẹ́yìn, ó dijú, ó fi ohùn rẹ̀ tó wúwo sọ fún mi níwájú nọ́ọ̀sì pé, "Má pariwo."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. 

Bí a ti ń lọ sílé, ó ń ṣíwájú mi. A kò tíì rìn bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti ń rìn. Ó ń dúró gbọ́ ẹyẹ, ó ń dúró gbọ́ ẹni tó ń lọ ata. Ọ̀kadà fun fèrè lẹ́yìn wa, mo gbé ìka méjì láti gbá ọrùn ọwọ́, ó ti yà kúrò lọ́nà kí n tó gbá a. Mo fi ọwọ́ náà sínú àpò.

Nọ́ọ̀sì ní kí ó má lò ó pẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà ó bọ́ wọn nílé, ó kó wọn padà sínú àpótí. Nígbà tí Màámi ti Tápà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó fọ ọwọ́, ó ṣí àpótí náà lórí itan, ó rí ẹ̀rọ méjì. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Alihamudulilahi! Wọ́n mà mọ̀ pé ìbejì ni yín o. Wọ́n ṣe é ní méjì." Ó gbé pupa fún èkejì mi, ó gbé búlúù fún mi.

Ẹ má fi Màámi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀ṣọ́ olówó Èkó tó rí lórí pápá, létí kan ṣoṣo ni nǹkan tirẹ̀ wà. Ibo ni ìbá ti mọ̀ pé méjì ló ń jẹ́ ọ̀kan? Ó kàn ṣe ohun tí gbogbo ìyá ìbejì ní ìlú wa yóò ṣe ni. Ó tilẹ̀ bá mi sọ ọ́ pé, "Mo mọ̀ pé ìwọ ò nílò ẹ̀. Àmọ́ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ, kí tìrẹ náà wà."

Èkejì mi wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó ń dúró. Èmi ni ẹnu rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ. Mo ka ìka mọ́ ẹ̀rọ náà. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màámi."

Mo ṣe àwáwí fún ara mi lọ́jọ́ náà, ó sì pọ̀. Mo ní ọ̀kan ti tó o. Mo ní màá fún un lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bèèrè ẹ̀rọ kejì. Mo ní, "Ó wà nílé, mà." Irọ́ kò sí níbẹ̀, ilé ló wà. Èkejì mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé kò rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé rẹ̀ ni. Bí mo ṣe pè é ní òmùgọ̀ nínú ọkàn mi nìyẹn.

Nítorí pé ọ̀kan ló ń lò, ó gbọ́ ìró ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ti ń wá, mo sì padà sí apá òsì rẹ̀ bí ìyàwó tí ọkọ tún ránṣẹ́ pè. Kò pẹ́ púpọ̀ ṣá. Nígbà tí a jáde ilé-ìwé girama, èmi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní àdúgbò wa, òun sì lọ kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ obìnrin aránṣọ tó wà ní Èrúwà. Ó ń sùn sí ọ̀hún, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá sílé. Bí ó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ "Àǹtí" ni. Àǹtí kọ́ mi ní èyí, Àǹtí sọ báyìí. Èdè ọwọ́ wọn ti gba gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fa etí mi láti bá a sọ̀rọ̀ nípa Màámi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní a kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ hàn mí. N kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n tún kéde ìkówójọ mìíràn, àwọn adití fúnra wọn ló sì ń ṣètò eléyìí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí èkejì mi wá sílé fún ìpàdé ìmúra. Ó ní kí n sin òun lọ. Mo ní, "Lọ bá àwọn ènìyàn rẹ." Mo sọ ọ́ lẹ́nu, mo tún fi ọwọ́ sọ ọ́ kí ó lè dá a lójú. Òun nìkan ló jáde lọ.

Ní oríta, ọ̀kadà kan fun fèrè láti apá òsì rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó yà fún un, ọ̀nà tí ọ̀kadà náà ń gbà ló sì yà sí. Ọlọ́kadà náà fi Kùránì búra pé òun fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sọ òótọ́. Àwọn èrò ń sọ pé, "Odi ni, kò gbọ́." Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó fi ń sọ̀rọ̀ jù, tó sì fi ń rán aṣọ. Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń to eegun dì í. Ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì sọ nǹkan fún mi, ọwọ́ náà ń kólòlò.

Mo délé, mo ṣí agolo bisikíìtì. Mo lọ ra bátìrì, mo fi sí i. Ẹ̀rọ náà súfèé láti inú ọwọ́ mi, ó wà láàyè kedere. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ jù ú sínú ṣáláńgá. N kò jù ú, n kò sì gbé e fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé e kiri nínú àpamọ́wọ́ mi, tí mò ń wá ọjọ́ tó dára láti jẹ́wọ́, bí ẹni pé ọjọ́ kan máa ń dára fún irú rẹ̀.

Ọjọ́ ìkówójọ pé. Pápá kan náà, sípíkà tuntun. Wọ́n ní kí èkejì mi bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ó sọ ohun tí ẹ̀bùn wọn ti ìgbà yẹn ṣe fún un. Ìbàdàn ni ẹni tí ó yẹ kó bá a túmọ̀ sí Yorùbá ti ń bọ̀, mọ́tò rẹ̀ sì bàjẹ́ lọ́nà. Ọwọ́ òsì nìkan ló sì kù fún èkejì mi láti sọ̀rọ̀. Èdè àwa méjèèjì ti àtijọ́ ló fi ń dí àlàfo, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ létí tí yóò lóye irú èdè ọwọ́ kan bẹ́ẹ̀ àyàfi èmi. Ó bọ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle, ó gba àárín èrò kọjá, ó mú mi lọ́wọ́. Mo lọ gba máìkì. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Obìnrin aránṣọ ti Èrúwà jókòó níwájú, mo sì rí i dájú pé ó rí mi.

Bí a bá ń túmọ̀ fún adití, "mo" ni à ń lò níbi tí ó bá ti lo "mo". Èmi ni mo di òun. Ó bẹ̀rẹ̀, mo ń tẹ̀ lé e: "Mo kí gbogbo yín o. Ẹ fún mi ní ẹ̀rọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ ṣeun." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yíjú sí àwọn ọmọ mẹ́ta tó jókòó ní ìlà iwájú, tí wọn yóò gba ẹ̀rọ tiwọn lọ́jọ́ náà. Méjì nínú wọn, èkejì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú aṣọ kan náà. Ó ní, mo sì sọ ọ́ síta: "Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ìyá ìbejì. Ẹ óò rí ẹ̀rọ méjì nínú àpótí. Ẹ má pín in. Ọmọ kan ló ni méjèèjì."

 Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Kò dáwọ́ dúró.

Mo sọ ọ́ síta: "Nílé wa, wọ́n pín in. Èkejì mi mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n pín in. Èmi náà mọ̀."  Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀, mo sì ń dúró dè é níwájú gbogbo ìlú. "Mo lè sọ fún ìyá wa. Ẹnu mi kò kú. Ṣùgbọ́n mo rí ojú èkejì mi nígbà tí mo ní kó má pariwo. Mo rò pé bí mo bá gba méjèèjì, kò ní rìn ní apá òsì mi mọ́. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí símẹ́ńtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wo ohun tó fà. Ẹ má ṣe bíi tiwa."

Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ń kígbe "Allahu Akbar". Òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ náà, mo dúró síbẹ̀, mo ń jowú rẹ̀. Mo rò pé mo gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé ó fi fún mi ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ̀bi olè, n kò sì rí nǹkan kan jí.

Màámi dìde láti àárín àwọn ìyá. Ó gun pèpéle pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé ọ̀dọ̀ èkejì mi ló ń lọ. Ó kọjá rẹ̀. Ó wá síwájú mi, ó fi ọwọ́ sí mi lágbọ̀n, ọwọ́ tó ń rùn fún ẹ̀gúsí, ó yí ojú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wò mí tààrà.

Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Mo yọ ẹ̀rọ náà nínú àpamọ́wọ́ mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbé e yí wò. Ó lọ gbìyànjú láti kì í bọ etí òsì èkejì mi, ike rẹ̀ kò wọlé mọ́. Etí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ó padà wá, ó tún gbá mi lágbọ̀n mú. Ó ní, "Ká ní o kò tíì dàgbà ni, ìwọ nìkan ni ǹ bá nà lónìí."

Èkejì mi ń wo ẹnu wa, kò rí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó fi ọwọ́ òsì bi mí pé kí ni Màámi sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, n kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀: "Ó ní èmi nìkan."